ESET PROTECT kọ̀, kò gbà yín wọlé: àwọn àṣìṣe tó ń sọ wàhálà kékeré di ńlá

Tí ESET PROTECT tó wà lórí sáfà ọ́fíìsì yín, ìyẹn sọ́fítíwìà tí ẹ fi ń darí antivirus ESET orí gbogbo kọ̀ǹpútà yín, bá kọ̀ tí kò gbà yín wọlé, ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó kọ sí ojú ewé ìwọlé náà, kí ẹ kà á tán, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wàhálà irú èyí tí wọ́n ti pè mí sí, ẹnikẹ́ni ò ka ọ̀rọ̀ yẹn. Wọ́n ti rí i pé kò wọlé, wọ́n sì ti gbà pé páásíwọ́ọ̀dù ni.

Ẹ fọkàn balẹ̀. Antivirus tó wà lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ṣì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ìlànà tí ẹ ti fún un tẹ́lẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ó sì ń gba update láti ọ̀dọ̀ ESET bí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà, àfi tó bá jẹ́ pé orí sáfà yẹn kan náà lẹ ní kó ti máa gbà á. Ojú ewé tí ẹ fi ń darí wọn nìkan ni ẹ ò rí wọ̀. Ìkánjú ò bá ọ̀rọ̀ yìí mu rárá.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí ènìyàn ka gbogbo “kò wọlé” sí ohun kan náà. Ọ̀rọ̀ méjì ló wọ́pọ̀ jù: “Invalid username or password”, àti “Connection has failed with state ‘Not connected’”. Wọ́n jìnnà sí ara wọn. Nígbà tí ẹ bá tẹ orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù, bíráúsà yín á gbé e fún Apache Tomcat, sọ́fítíwìà tó ń gbé ojú ewé ìwọlé náà jáde, èyí tó sábà máa ń gbọ́ lórí port (ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) 443. Tomcat á gbé e fún service (ètò tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ lórí sáfà) tó ń jẹ́ ESET PROTECT Server lórí port 2223. Service yìí ló máa wá lọ wo inú database, ìyẹn MySQL tàbí Microsoft SQL Server, bóyá ó mọ ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ rí, gbogbo wọn ló wà lẹ́nu iṣẹ́, ohun tí ẹ tẹ̀ ni kò tọ́. Tó bá jẹ́ ti “Not connected”, Tomcat kan ilẹ̀kùn, kò rí ẹni dáhùn. Ẹnikẹ́ni ò tíì ka páásíwọ́ọ̀dù yín. Kí ènìyàn máa wá páásíwọ́ọ̀dù mìíràn kiri nírú àsìkò yẹn, iṣẹ́ àṣedànù ni.

Àwọn tó rí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ náà ní àṣìṣe tiwọn: wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ ṣáá. Tí ìgbìyànjú 10 bá kùnà láti orí àdírẹ́sì IP kan (nọ́ńbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń dá kọ̀ǹpútà mọ̀), ESET á tìlẹ̀kùn mọ́ àdírẹ́sì yẹn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Láàárín àkókò náà, páásíwọ́ọ̀dù tó tọ́ gan-an ò ní ṣiṣẹ́, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ á sì rò pé ẹnìkan ti yí i padà. Ó dá ìjà sílẹ̀ lójú mi ní ọ́fíìsì kan. “Ta ló yí páásíwọ́ọ̀dù yìí?” “Èmi kọ́ o, sà.” Ọ̀gá ò gbà. Nígbà tí ọmọ náà fi páásíwọ́ọ̀dù kan náà gbìyànjú lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé àdírẹ́sì IP ọ̀gá ni wọ́n tì, kì í ṣe tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹ gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ dúró. Ẹ wo Caps Lock. Ẹ wo bóyá orí WhatsApp lẹ ti ṣe copy páásíwọ́ọ̀dù náà, nítorí àlàfo kékeré kan máa ń tẹ̀lé e wá lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àpótí kékeré tó wà lójú ewé náà tó ń sọ nípa wíwọlé sí domain, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì Windows ti ọ́fíìsì. Administrator tí ẹ dá sílẹ̀ nígbà tí ẹ ń gbé ESET wọlé kì í ṣe Administrator ti Windows, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Tí ẹ bá fi àmì sí àpótí yẹn, inú Active Directory, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tí Windows ń lò, ló máa lọ wá yín sí, kò sì ní rí yín níbẹ̀.

Ti “Not connected” ni mo fẹ́ ká jókòó lé. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, tí inverter ń kú kí jẹnẹrétọ̀ tó gbéra, ibẹ̀ ló ti ń ṣẹlẹ̀ jù. Sáfà kú lójijì, ó tún tàn. Tomcat tètè dìde nítorí iṣẹ́ tirẹ̀ fúyẹ́, ojú ewé ìwọlé sì hàn dáadáa. Àmọ́ database ṣì ń tún ara rẹ̀ tò lẹ́yìn ikú òjijì yẹn, service ESET ò sì lè dìde láìsí i. Àwọn kan á bínú, wọ́n á tún pa sáfà, wọ́n á tún tàn án, àtúntò tó ti fẹ́ parí á tún bẹ̀rẹ̀ látorí odo. Ẹ ní sùúrù díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí services.msc lórí sáfà náà, ibi tí Windows ń to àwọn service sí, kí ẹ wo service ti database ná, kí ẹ tó wo ESET PROTECT Server. Tí ti database ò bá ṣiṣẹ́, bí ẹ tẹ Start lórí ti ESET títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ní dúró.

Database náà sì lè kún. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ló ń lo SQL Server Express, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí installer ESET sì máa ń gbé wọlé fúnra rẹ̀. Láti ẹ̀dà 2008 R2 títí dé 2022, database kan lórí Express ò gbọdọ̀ ju 10 GB lọ. Ẹ lè ní 500 GB tó ṣófo lórí dísíìkì, 10 GB náà ni ààlà. Ojú ewé ìwọlé ò ní sọ fún yín pé ó ti kún. Inú trace.log, fáìlì tí sáfà ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí, lẹ ti máa rí i, ní C:\ProgramData\ESET\RemoteAdministrator\Server\EraServerApplicationData\Logs. Windows máa ń fi fódà ProgramData pamọ́, ẹ tẹ àdírẹ́sì náà tààrà. Ẹ sì rí i pé RemoteAdministrator ló ṣì ń jẹ́ níbẹ̀, àní bí orúkọ sọ́fítíwìà náà ti yí padà sí PROTECT láti ọdún 2020. Ìdí nìyẹn tí àdírẹ́sì ìwọlé fi parí sí /era/webconsole: ERA ni ìkékúrú ESET Remote Administrator, orúkọ rẹ̀ àtijọ́. Ẹ má wá torí pé ó kún, kí ẹ máa dédé pa table rẹ́ nínú database. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ rẹ̀ ná, kí ẹ sì pe àwọn tó ń ta ESET fún yín. Tí ẹ bá ti wọlé padà, ẹ lọ sí ibi ètò sáfà, kí ẹ dín iye ọjọ́ tó fi ń tọ́jú àwọn log àtijọ́ kù.

Tí ojú ewé náà ò bá tilẹ̀ ṣí rárá, ẹ wo Java, sọ́fítíwìà tí Tomcat ò lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Tomcat mọ fódà tí Java wà. Bí ẹnìkan bá yọ Java àtijọ́ kúrò, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣe nígbà tí Oracle ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ máa sanwó fún update Java 8 ní 2019, Tomcat á máa wá jvm.dll, fáìlì Java kan, síbi tí kò sí mọ́. Ẹ ṣí ètò Tomcat, kí ẹ fi ojú ọ̀nà tuntun hàn án.

Èyí tó burú jù lọ nínú gbogbo wọn ni kí ènìyàn yọ ESET PROTECT kúrò pátápátá, kó sì tún un gbé wọlé látìbẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Sátífíkéètì tí sáfà fi ń jẹ́ kí Agent (ètò kékeré ESET tó ń bá sáfà sọ̀rọ̀) orí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan dá òun mọ̀, inú database yẹn ló wà. Tí ẹ bá nù ún, sáfà tuntun á dá sátífíkéètì tuntun sílẹ̀, àwọn Agent tó wà níta ò sì ní gbà á gbọ́. Ẹ máa wọlé o, ojú ewé á mọ́ tónítóní, kọ̀ǹpútà kankan ò sì ní sí níbẹ̀. Ẹ máa wá lọ láti tábìlì dé tábìlì, láti ẹ̀ka Ìbàdàn dé ẹ̀ka Àkúrẹ́, ẹ ó máa tún Agent gbé wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tó bá sì jẹ́ pé ẹ gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù ni lóòótọ́, ọ̀nà wà tí kò ní ba nǹkan jẹ́. Lórí sáfà náà, ẹ lọ sí Programs and Features, ẹ mú ESET PROTECT Server, ẹ tẹ Change, kí ẹ sì yan Repair. Á béèrè páásíwọ́ọ̀dù tuntun fún Administrator. Tó bá dé ibi sátífíkéètì, ẹ yan pé kó fi àwọn tó ń lò tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ẹ má kánjú tẹ Next kọjá ibẹ̀.

Ẹ má pa firewall sáfà nítorí pé ẹ fẹ́ wọlé. Tí Tomcat àti service ESET bá wà lórí sáfà kan náà, ọ̀rọ̀ àárín wọn ò jáde síta, pípa firewall ò sì ní tún un ṣe. Ẹ má sì ṣí ojú ewé yẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ọ̀gá lè máa wò ó láti ilé. Ẹni tó bá gba ojú ewé náà lọ́wọ́ yín lè pàṣẹ fún gbogbo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì láti ibẹ̀. VPN ni kí ọ̀gá máa gbà wọlé.

Nígbà tí ẹ bá sì ti rí i wọ̀, kí ẹ tó jáde, ẹ lọ sí More, kí ẹ wọ Users, kí ẹ dá ẹnìkan sílẹ̀ tó ní àṣẹ Administrator, pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Tí fóònù tí ẹ fi ń gba kóòdù ìwọlé bá sọnù, ẹni yìí ló lè bá yín tún un ṣe. Ẹ ṣí fèrèsé incognito, kí ẹ fi orúkọ tuntun yìí wọlé, kí ẹ rí i pé ó gbà, kí ẹ tó ti fèrèsé àkọ́kọ́.