Bí Ẹ Ṣe Lè Kó Ara Yín Lọ sí Ìpàtẹ Open Source láti Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kéékèèké nílẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ló ń lo ètò kọ̀ǹpútà olówó gọbọi tí wọn ò san kọ́bọ̀ lé lórí. Ẹnì kan ló bá wọn fi ẹ̀dà jíjí sórí kọ̀ǹpútà, kò sì sí ẹni tó mọ ohun mìíràn tó bá ẹ̀dà náà wọlé. Lọ́jọ́ tí fáírọ́ọ̀sì bá jẹ ìwé owó oṣù mẹ́fà, ẹkún ló ń dà. Bẹ́ẹ̀, àwọn ètò kan wà tó jẹ́ pé àwọn tó ṣe é gan-an ló ní kí ẹ máa mú lò: ẹ lè wo kóòdù inú rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlà àṣẹ tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà, ẹ lè tún un ṣe, ẹ sì lè fún ẹlòmíràn. Èyí ni wọ́n ń pè ní open source. Ìpàtẹ ni ibi tí èèyàn ti lè rí ọ̀pọ̀ wọn lójú kan náà, kó sì bá àwọn tó ń ṣe wọ́n sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ó dá mi lójú pé ó yẹ kí iléeṣẹ́ yín rán èèyàn lọ, kó má sì jẹ́ ẹyọ ẹnì kan. Ẹ lọ ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ sì gbé ìṣòro iṣẹ́ yín dání.

Ẹ kọ́kọ́ jókòó sọ ìṣòro yín

Nígbà tí ìpàtẹ bá ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ pe ara yín jọ níbi iṣẹ́. Kì í ṣe ọmọkùnrin tó ń bá yín tún kọ̀ǹpútà ṣe nìkan o. Ẹ pe akápò, ẹ pe akọ̀wé, ẹ pe àǹtí tó ń dá oníbàárà lóhùn lẹ́nu ọ̀nà. Kí kálukú sọ iṣẹ́ tó ń gba àkókò rẹ̀ jù, kí ẹnì kan sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. "A fẹ́ ètò tó dáa" kò tíì di ìṣòro. "Lópin oṣù, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Màmá Akápò fi ń ṣírò iye tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ": ìyẹn ni èèyàn lè gbé dé iwájú ìsọ̀, tí ẹni tó dúró níbẹ̀ á sì rí nǹkan sọ sí i.

Tí ẹ bá ti mọ ìṣòro, ẹ ó mọ irú ètò tí ẹ ń wá lọ. Ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ máa fi kọ̀ǹpútà fún akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́ ṣe, kó wá Moodle. Ibi ìkówèésí tó ṣì ń fi káàdì kọ orúkọ ẹni tó yá ìwé, kó béèrè Koha. Wọ́n ṣe é fún ilé ìkàwé kan ní New Zealand, ó sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ọdún 2000. Ẹ̀yin onítẹ̀wé Ìjẹ̀bú-Òde, tí ìwé ìpè àti kàlẹ́ńdà ìnáwó kì í jẹ́ kí ẹ sinmi, ẹ wá Inkscape, GIMP àti Scribus fún àwòrán àti títo ojú ìwé. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti oníṣòwò lè yẹ ERPNext àti Odoo wò fún ìṣirò owó àti ọjà. Fún àkọsílẹ̀ aláìsàn nílé ìwòsàn, OpenMRS wà. DHIS2, tí Yunifásítì Oslo ní Norway ń ṣe, ni wọ́n fi ń kó ìròyìn ìlera jọ ní Nàìjíríà, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí nọ́ọ̀sì kan nítòsí yín ti mọ̀ ọ́n lò. Ẹni tó jẹ́ pé lẹ́tà àti ìṣirò nìkan ló ń ṣe, LibreOffice tó o.

Ẹ yan èyí tó bá yín mu

Kì í ṣe gbogbo àpéjọ ló ní ìsọ̀. OSCAFest, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nílùú Èkó lọ́dún 2020, ló sún mọ́ wa jù nínú àwọn tó lórúkọ. Àwọn tó ń kọ kóòdù, àwọn tó ń ya àwòrán ojú ètò àti àwọn tó ń kọ ìwé àlàyé rẹ̀ ló máa ń pàdé níbẹ̀. Lókè òkun, FOSDEM máa ń wáyé ní Brussels, ní Belgium, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì ọdún, kò sì sí owó ìwọlé. Ẹni tí kò rí físà gbà kò pàdánù tán, nítorí wọ́n máa ń gbé fídíò àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn síta lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lè jókòó papọ̀ níbi iṣẹ́ kí ẹ wo mélòó kan. Kí ẹ tó san owó ọkọ̀, ẹ ka ètò ọjọ́ náà látòkè délẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ lórí pèpéle nìkan ló wà níbẹ̀, tí ẹ sì fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan, ẹ wá òmíràn.

Àwọn tó yẹ kó lọ

Ẹni mẹ́ta ni kò gbọ́dọ̀ wọ́n níbẹ̀: ẹni tí ìṣòro náà ń dùn, ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà, àti ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé owó. Bí ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà bá dá lọ, ohun tó wu òun ló máa yàn. Bí ọ̀gá bá dá lọ, ẹni tó bá mọ̀rọ̀ sọ jù lára àwọn onísọ̀ ló máa gbà á lọ́kàn. Tí àyè bá wà nínú ọkọ̀, ẹ mú akẹ́kọ̀ọ́ kan dání láti Àgọ́-Ìwòyè, Ìjagun tàbí Ìlíṣàn, ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ wọ̀nyí máa ń béèrè ohun tí ojú á ti àgbàlagbà láti béèrè.

Ẹ pín iṣẹ́ láti ilé. Regbẹ́regbẹ́ tó bá máa jáde ní Ojúde Ọba kì í dúró de ọjọ́ kẹta Iléyá kó tó mọ ẹni tó máa wá ẹṣin, ẹni tó máa ra aṣọ àti ẹni tó máa pe onílù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ ṣe é. Kí ẹnì kan mọ̀ pé ètò ìṣirò owó ni tòun, kí ẹnì kejì mọ̀ pé ààbò àti ẹ̀dà ìpamọ́ ni tòun, kí ẹnì kẹta máa gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Ẹrù tí ẹ máa dì

Laptop kan tó, kó ti gba iná dáadáa, pẹ̀lú power bank fún fóònù, ìwé àjákọ, àti fílásì òfìfo méjì tí ẹ lè fi gba ètò bọ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni àpẹẹrẹ iṣẹ́ yín. Ẹ ṣe ìwé kan tó dà bí ìwé yín gan-an, ṣùgbọ́n kí orúkọ, nọ́ḿbà fóònù àti iye owó inú rẹ̀ jẹ́ àtọwọ́dá. Ẹ má ṣe gbé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ tàbí ti aláìsàn lọ síwájú àlejò. Láti ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni àwọn èèyàn, kódà ká ní kò sí òfin, àṣírí ẹni tó fọkàn tán yín ni. Nínú ìwé àpẹẹrẹ yìí, ẹ má kọ àwọn tó rọrùn nìkan. Ẹ fi ẹni tó san owó lẹ́ẹ̀mejì sí i, ẹ fi ẹni tó kú láàárín ọdún sí i, ẹ fi orúkọ tó ní àmì ohùn àti ẹ, ọ, ṣ sí i.

Ọ̀nà

Ibi tí gbọ̀ngàn náà wà ló máa sọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà. Láti Ìjẹ̀bú-Òde, bó bá jẹ́ Yábàá tàbí Ìkẹjà, ẹ gba Ṣàgámù bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kí ẹ já sí Berger. Bó bá jẹ́ Lẹ́kí tàbí Victoria Island, ẹ gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Ẹni tó bá gba Berger lọ sí Lẹ́kí ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ra gosíló. Ẹ̀yin ará Ìkẹ́nnẹ́, Ìpẹ́rù àti Ìlíṣàn, ọ̀nà márosẹ̀ kò jìnnà sí yín rárá, ẹ kàn tètè jáde ni. Ẹ wo kàlẹ́ńdà pẹ̀lú. Bí ìpàtẹ bá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, ìsìn òru ńlá àwọn Rìdíìmù wà ní Redemption City lójú ọ̀nà yẹn, ìrọ̀lẹ́ tí ẹ̀yin ń padà bọ̀ sì ni èrò ń wọ́ lọ síbẹ̀.

Nínú gbọ̀ngàn

Tí ẹ bá ti gba káàdì ọrùn tán, ẹ rìn yí gbogbo ibẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan láìdúró níbì kankan. Ẹ kàn sàmì sí àwọn ìsọ̀ tó kàn yín. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá tú ká ní méjì-méjì.

Ẹ kí àwọn tó dúró nídìí ìsọ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ wọn kò gbowó oṣù lórí iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́ wọn ni wọ́n fi ń ṣe é. "Ẹ kú iṣẹ́, a ti ń jẹ àǹfààní yín" máa ń la ọ̀nà ju "Èló ni?" lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n fi iṣẹ́ yín ṣe é lójú yín. Ní ìpàtẹ kan tí a lọ ní Yábàá, Màmá Akápò wa jókòó ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó ní: "Ọmọ mi, ẹnì kan yáwó. Ó san lóṣù kìíní, kò san lóṣù kejì, ó wá san ti oṣù méjì pọ̀ lóṣù kẹta. Fi í síbẹ̀ kí n rí i." Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́ wọlé. Èlé tó jáde ju ti inú ìwé Màmá lọ. Wọ́n jọ wò ó, wọn ò rí ìdí rẹ̀. Ọmọ náà bá ṣí kóòdù, ó wá ibi tí ìṣirò èlé wà, ó fi ìka tọ ìlà kan: ètò náà ń gbé èlé lé orí èlé nígbà tí èèyàn bá pẹ́ san, bẹ́ẹ̀ òfin ẹgbẹ́ wa kò fàyè gba ìyẹn. Ó yí ibi kan padà nínú ètò, iye náà bá ti Màmá mu. Màmá ní kó fi ìlà yẹn han òun lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Nínú ètò tí wọ́n ti kóòdù rẹ̀ pa, èsì nìkan lẹ máa rí. Ẹ ò ní rí bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀.

Àwọn ìbéèrè tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé

Ẹ béèrè láísẹ́ǹsì, ìyẹn ìwé àṣẹ tó sọ bí ẹ ṣe lè lo ètò náà. Èyí tí wọ́n ń pè ní GPL ní tí ẹ bá tún ètò ṣe, tí ẹ wá ń pín in fún ẹlòmíràn, ẹ gbọ́dọ̀ fún wọn ní kóòdù àtúnṣe náà. MIT àti Apache fàyè sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ lè ti tiyín pa, kí ẹ ṣáà má pa orúkọ àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ẹni tó kàn fẹ́ lò ó níbi iṣẹ́ rẹ̀, kò sí èyí tó máa dí i lọ́wọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ béèrè ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́ àti ohun tó jẹ́ títà. Odoo, bí àpẹẹrẹ, ní ẹ̀dà Community tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ó tún ní Enterprise tí wọ́n ń sanwó fún. Kí ẹ mọ èyí tí wọ́n ń fi hàn yín lójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ náà ní ìnáwó tirẹ̀: ẹni tó máa gbé e kalẹ̀, sáfà (kọ̀ǹpútà tí ètò náà á máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀), ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́, àti iná.

Ẹ béèrè bó ṣe ń ṣe nígbà tí iná bá lọ tàbí tí nẹ́tíwọ̀kì bá kú. Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹ ronú dáadáa. Ẹ béèrè bí ẹ ṣe máa kó iṣẹ́ yín jáde lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi í sílẹ̀.

Ìbéèrè tó jinlẹ̀ jù ni ti àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Lọ́dún 2024, wọ́n rí ilẹ̀kùn àṣírí, ìyẹn ọ̀nà ẹ̀bùrú láti wọlé sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, tí ẹnì kan gbé pamọ́ sínú xz, ètò kékeré tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀dà Linux, ètò open source tó ń darí kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan ṣoṣo ló ti ń dá tọ́jú xz fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ti rẹ̀ ẹ́. Àlejò kan wá ń ràn án lọ́wọ́, ó lò ju ọdún méjì lọ níbẹ̀, wọ́n sì ti fọkàn tán an, àfi ìgbà tó ki ìbàjẹ́ bọ̀ ọ́. Andres Freund, tó ń ṣiṣẹ́ ní Microsoft, ló tú u fó nítorí ó ṣàkíyèsí pé wíwọlé sórí sáfà ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Kóòdù tó wà ní gbangba ló jẹ́ kó lè tọpa rẹ̀ dé ìdí. Nítorí náà, ẹ béèrè: ẹ̀yin mélòó lẹ ń tọ́jú rẹ̀? Ìgbà wo lẹ gbé ẹ̀dà tuntun jáde kẹ́yìn? Bí ẹnì kan bá kọ̀wé pé nǹkan bàjẹ́, ó ń pẹ́ tó kí ẹ tó dáhùn? Gbogbo èyí ni ọmọ yín tó mọ kọ̀ǹpútà lè yẹ̀ wò níbi tí wọ́n ń kó kóòdù náà sí, kí ẹ tó kúrò nídìí ìsọ̀.

Lọ́sàn-án, ẹ pàdé níbi oúnjẹ kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún ara yín. Báàgì, sítíkà àti bíírò ọ̀fẹ́ kò burú. Ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé kankan níbẹ̀.

Tí ẹ bá délé

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹ tún jókòó. Ẹ yan ètò kan péré. Ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí kò sí iṣẹ́ lórí rẹ̀, kí ẹ máa lò ó pẹ̀lú ìwé tí ẹ ń kọ tẹ́lẹ̀ fún odindi oṣù kan. Bí méjèèjì bá bára mu lópin oṣù, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kó iṣẹ́ gidi lọ síbẹ̀. Ẹ máa ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, kó má sì wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà.

Ohun tí ẹ bá rí tó kù díẹ̀ káàtó, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ètò: ohun tí ẹ ṣe, ohun tí ẹ retí, ohun tó ṣẹlẹ̀, àti nọ́ḿbà ẹ̀dà tí ẹ ń lò. Bí ẹ kò bá lè kọ kóòdù, èdè yín wúlò. Orí Weblate, ojúlé ìtumọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n ti ń túmọ̀ LibreOffice sí oríṣiríṣi èdè, Common Voice ti Mozilla sì ń gba ohùn Yorùbá. Ó yẹ kí ohùn Ìjẹ̀bú àti ti Rẹ́mọ wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá gba àtúnṣe kóòdù lọ́wọ́ ọ̀kan nínú yín, orúkọ rẹ̀ máa wà nínú ìtàn kóòdù náà, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè rí i. Ẹ tẹ ojú ìwé yẹn jáde, kí ẹ so ó mọ́ lẹ́tà tí ẹ máa fi béèrè owó ọkọ̀ ìpàtẹ ọdún tó ń bọ̀.