Aṣọ tó bá ara mu, òórùn tó dùn, ẹ̀fọ́ nínú rọ́bà: bá a ṣe ń ṣe é ní Àgbádárìgì láì náwó púpọ̀

Ẹ̀yin tèmi, ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé ibi táyé máa rí la máa ń kọ́kọ́ náwó sí. A ó ra aṣọ olówó ńlá tí ò bá ara mu, a ó ra lọ́fíńdà gidi fín in sára tó gbẹ kànkà, a ó ra irúgbìn wá dà á sínú yanrìn lásán, tí kò bá wá ṣiṣẹ́ a ó ní torí pé owó ò sí ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ o. Ìsàlẹ̀ ló yẹ kí owó kékeré kọ́kọ́ lọ: télọ̀ ṣáájú aṣọ, awọ ara ṣáájú lọ́fíńdà, ilẹ̀ ṣáájú irúgbìn. Tẹ́ ẹ bá ti di ìyẹn mú, èyí tó kù á rọrùn, pàápàá fún ẹ̀yin tá a jọ wà ní Àgbádárìgì níbí, torí òkìríkà ò wọ́n wa, àgbọn kún ìgboro, ọ̀pọ̀ wa ló sì ṣì ní àyè díẹ̀ lẹ́yìn ilé.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi aṣọ bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá débi tí wọ́n ti tú béèlì sílẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ wo àwọ̀, èjìká ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ gbé e lé èjìká yín, kí ojú rírán tí apá aṣọ ti bẹ̀rẹ̀ bọ́ sórí eegun èjìká gan-an, torí ibẹ̀ yẹn ni télọ̀ ò lè bá yín tún ṣe láì tú aṣọ palẹ̀. Ìbàdí tó fẹ̀, ọwọ́ tó gùn, ṣòkòtò tó ń wọ́lẹ̀, kékeré nìyẹn. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ yí i sódì, kẹ́ ẹ wo abẹ́ abíyá, ọrùn àti àárín itan, kẹ́ ẹ nà án sókè kí oòrùn gba inú ẹ̀ kọjá torí ihò tín-ín-tìn-ìn tí kòkòrò jẹ ò ní hàn tó bá wà nílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fa síìpù ẹ̀ lọ kẹ́ ẹ fà á bọ̀.

Kọ́tìn ni kẹ́ ẹ máa wá, tàbí línìn. Ọ̀rinrin tí òkun ń gbé wá bá wa níbí ò bá pọlíẹ́sítà ṣe rárá, òógùn ò ráyè jáde, ó sì máa ń tọ́jú òórùn òógùn yẹn débi pé ẹ lè fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó ṣì máa rùn tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́ tára yín gbóná. Bí lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀ bá ti já, ẹ fa fọ́nrán òwú kan látinú ojú rírán, ẹ dúró jìnnà sáṣọ ọlọ́jà o, ẹ ṣáná sí i. Tó bá jẹ́ kọ́tìn, á jó wìì, òórùn bébà tó jóná lẹ máa gbọ́, eérú ẹ̀ á sì fọ́ tẹ́ ẹ bá fìka kàn án. Pọlíẹ́sítà ò ní jó bẹ́ẹ̀, ńṣe lá máa yọ́, tó bá tutù á dì sí kóró dúdú kan tó le lẹ́nu òwú yẹn.

Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ má wọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀ o jọ̀ọ́. Omi gbígbóná, ọṣẹ, Dettol díẹ̀, kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, kẹ́ ẹ sá a sóòrùn gangan, kẹ́ ẹ wá áyọ́ọ̀nù ẹ̀ látinú, pàápàá ojú rírán, torí ibẹ̀ làwọn nǹkan tó ń jẹ́ kára yún èèyàn máa ń sá pamọ́ sí.

Ó wá kan ibi tí mo fẹ́ kówó lọ. Ẹ ti mọ àwọn ọ̀bíọ̀má tó ń gbé máṣíìnì kiri lórí èjìká, tí wọ́n ń fi sísọ́ọ̀sì lù ú kó-kó-kó kí wọ́n tó yọ ládùúgbò, ẹ pè wọ́n! Owó tí wọ́n máa gbà láti fún ṣẹ́ẹ̀tì méjì wọlé ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó aṣọ tuntun. Ẹ má kàn sọ fún un pé "ẹ bá mi fún un wọlé díẹ̀," torí "díẹ̀" tiẹ̀ àti tiyín lè má jọra. Ẹ mú ṣẹ́ẹ̀tì kan tó ti bá yín mu dáadáa jáde látinú ilé, kó tẹ́ ẹ sórí tuntun yẹn, kó fi ṣọ́ọ̀kì fàlà yí i ká, kó sì rán an tẹ̀lé ìlà. Ẹ ní kó má tíì gé èyí tó ṣẹ́ kù nínú kúrò, bẹ́ ẹ bá sanra lọ́la ẹ ṣì lè tú u.

Aṣọ ẹbí tó ti di òkìtì sínú àpótí náà ńkọ́? Ìró tẹ́ ẹ wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo síbi òkú ìyá ẹnì kan, ìró yẹn tó síkẹ́ẹ̀tì kan àti ṣẹ́ẹ̀tì ọmọdé kan, ọ̀bíọ̀má kan náà lè ṣe é. Ó máa ń dùn mí tí mo bá ráṣọ tó dáa bẹ́ẹ̀ tí eku ń jẹ. Àwọ̀ dúdú, funfun àti búlúù ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó pọ̀ nínú èyí tẹ́ ẹ bá ń rà, ańkárá á wá máa bá gbogbo wọn lọ. Bàtà: ẹ nù ún, ẹ kùn ún, ẹ pààrọ̀ ìgìgísẹ̀ ẹ̀ tó bá ti jẹ, ó parí.

Ọ̀rọ̀ lọ́fíńdà ló gbà mí lọ́kàn jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé lọ́fíńdà ò pẹ́ lára yín, ẹ wo awọ ara yín ná. Ara tó gbẹ ò lè di òórùn mú, kíá ló máa ń fò lọ, ara tí epo bá wà lórí ẹ̀ ló ń dì í mú. Torí náà, tẹ́ ẹ bá ti fi kànrìnkàn wẹ̀ tán, kí omi tó gbẹ tán lára yín, ẹ fi ádí àgbọn tàbí Vaseline tí ò lóòórùn ra ọrùn, ẹ̀yìn etí, ọrùn ọwọ́ àti ìtẹ̀wọ́ ìgúnpá, kẹ́ ẹ tó fi lọ́fíńdà kàn án. Ẹ má fi ọrùn ọwọ́ méjèèjì ra ara wọn bí àwọn èèyàn ṣe máa ń ṣe, ẹ kàn fi sílẹ̀ kó wọlé fúnra ẹ̀.

Abíyá, ẹ lo álọ́ọ̀mù, òkúta funfun yẹn tí àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ń tà, ẹ rẹ ẹ́ sómi díẹ̀ kẹ́ ẹ fi pa á lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá wẹ̀, ẹyọ kan á bá yín lò fún oṣù mélòó kan. Àwọn kan máa ń lo ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ ṣọ́ra o, omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó bá wà lára tí oòrùn sì pa á lè bó èèyàn lára, kó sì fi àpá dúdú síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Èwo wá ni ká rà? Tówó ò bá tó ti ìgò ńlá, lọ́fíńdà olóròóró ni, èyí tí wọ́n ń pàtẹ ẹ̀ lẹ́nu mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, tí wọ́n ń fi síríńjì fà á látinú ìgò ńlá sínú kékeré, mílílítà 3, 6 tàbí 10. Kò ní ọtí nínú, ìdí nìyẹn tí oòrùn ò fi tètè gbé e lọ. Ẹ ní kí wọ́n kán an sọ́rùn ọwọ́ yín, kì í ṣe sórí bébà, kẹ́ ẹ wá rìn lọ ra ata àti ẹja yín, ẹ má tíì sanwó. Èyí tó kọ́kọ́ ń ta sánsán yẹn á lọ láìpẹ́, ohun tẹ́ ẹ bá ṣì ń gbọ́ lẹ́yìn bíi wákàtí kan, yálà mọ́sìkì ni, úùdù (òórùn igi tó máa ń wúwo) ni, tàbí fanílà, ìyẹn gan-an lẹ máa gbé kiri láti àárọ̀ dalẹ́, tẹ́ ò bá sì fẹ́ràn ẹ̀ nígbà yẹn ẹ má rà á. Ẹ má jẹ́ kó kan aṣọ funfun o, epo ni, á fàbàwọ́n sí i. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń fín lẹ fẹ́, ẹ ka ara ìgò: Eau de Parfum máa ń pẹ́ ju Eau de Toilette lọ torí òróró tó wà nínú ẹ̀ ló pọ̀ jù. Inú dúrọ́ọ̀ tó ṣókùnkùn ni kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ sí, kì í ṣe ojú fèrèsé, kì í sì í ṣe inú mọ́tò.

Ẹ sì jọ̀ọ́, nínú ọkọ̀ tó ń lọ Mile 2 lọ́sàn-án gangan, tí gọ́sìlóò ti mú wa tí a fún pọ̀ mọ́ra, úùdù tó wúwo máa ń fún èèyàn lórí fífọ́, ẹ fi ti alẹ́ àti ti òde sílẹ̀ fún alẹ́ àti òde, èyí tó ń ta bí ọsàn ló dáa lójú ọ̀sán.

Ádí àgbọn yẹn, ẹ lè ṣe é nílé. Ẹ ra àgbọn mẹ́rin tó ti gbó dáadáa, lọ́jọ́ ọjà Agbálátà ló máa ń pọ̀ jù, ẹ mi ọ̀kọ̀ọ̀kan létí kẹ́ ẹ gbọ́ omi nínú ẹ̀, èyí tí ò ní omi mọ́ lè ti bàjẹ́. Ẹ ha á, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún wàrà ẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ bò ó mọ́jú. Tílẹ̀ bá mọ́, ọ̀rá funfun á ti léfòó sókè, omi á wà nísàlẹ̀. Ọ̀rá yẹn ni kẹ́ ẹ bù sínú ìkòkò, iná kékeré, ẹ máa rò ó, á hó, á ṣu jọ, ẹ ó wá rí i tí òróró mímọ́ gaara bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò tí èyí tó ṣu jọ yẹn ń pọ́n. Kó tó dúdú ni kẹ́ ẹ sọ̀ ọ́, torí tó bá jó, òórùn jíjó yẹn ò ní kúrò nínú ẹ̀ mọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó ta sánsán sí i, ẹ gé koríko ọba tó ti gbẹ wẹ́wẹ́ sínú ìgò òróró yẹn, kẹ́ ẹ gbé ìgò náà sínú omi gbígbóná lórí iná kékeré fún wákàtí kan sí méjì, kẹ́ ẹ sẹ́ ẹ. Koríko yẹn gbọ́dọ̀ gbẹ o, omi inú ewé tútù máa ń ba òróró jẹ́.

Ibi koríko ọba yẹn náà la ti máa wọ inú ọgbà. Ilẹ̀ tiwa níbí, yanrìn ló pọ̀ nínú ẹ̀, ẹ bomi rin ín láàárọ̀, tó bá fi máa dọ̀sán omi ti wọlẹ̀ lọ, ajílẹ̀ náà ti bá a lọ, ìyẹn ni ẹ̀fọ́ ẹlòmíì ṣe ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú tí wọ́n á ní ọwọ́ àwọn ò yá. Ọwọ́ yín yá! Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ tún ṣe. Ẹ wá rọ́bà pẹ́ńtì, kẹ́ẹ̀gì tẹ́ ẹ gé lórí, tàbí àpò ìrẹsì, ẹ fi ìṣó tó ti gbóná lu ihò bíi mẹ́fà sí ìdí ẹ̀. Ẹ po ilẹ̀dú ìwọ̀n méjì, ìgbẹ́ adìẹ ìwọ̀n kan, àti irun èèpo àgbọn ìwọ̀n kan. Ìgbẹ́ adìẹ tútù á jó gbòǹgbò pa, ẹ kó o jọ, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ bò ó, ẹ máa yí i pa dà fún bí oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí tẹ́ ẹ máa kiwọ́ bọ àárín ẹ̀ tí ò ní gbóná mọ́, tí òórùn ẹ̀ á sì ti di òórùn ilẹ̀. Èèpo àgbọn tí àwọn èèyàn ń dáná sun yẹn, ẹ ya á wẹ́wẹ́, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ da omi pupa tó bá yọ nù, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta kí iyọ̀ inú ẹ̀ lè lọ. Òun láá máa di omi mú fún yín.

Tẹ̀tẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Irúgbìn ẹ̀ kéré gan-an, ẹ po ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kẹ́ ẹ tó fọ́n ọn, kó má baà dojú kan ibì kan ṣoṣo, ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ẹ ti ń gé e sọ́bẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi bí ìka mẹ́rin sílẹ̀ kó tún rúwé. Ewédú máa ń ya ọ̀lẹ tẹ́ ẹ bá gbìn ín bẹ́ẹ̀, ẹ di irúgbìn ẹ̀ sínú aṣọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ yọ ọ́ kíá, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ omi tútù. Ewúro ò fẹ́ irúgbìn, igi ẹ̀ ni kẹ́ ẹ gé kẹ́ ẹ gbìn. Koríko ọba, ẹ ra èyí tó ṣì ní ìdí funfun lọ́jà, ẹ kì í bọ ife omi títí tá á fi ta gbòǹgbò. Ẹ gbin ẹfinrin sẹ́nu ọ̀nà ibi tẹ́ ẹ ti máa ń fara kàn án kọjá.

Ti òórùn ọgbà gan-an, tannáposó ni tèmi. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń là, ní bí aago mẹ́rin, gbogbo ẹ̀yìn ilé á sì máa ta sánsán dalẹ́. Kóró dúdú ẹ̀ tẹ́ ẹ bá tọrọ lọ́wọ́ aládùúgbò tó tẹ́ ẹ lè gbìn, kò fẹ́ wàhálà. Kìkì pé kóró àti gbòǹgbò ẹ̀ ní májèlé, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé kó o sẹ́nu.

Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ máa bomi rin wọ́n, sí ìdí, kì í ṣe sórí ewé, kẹ́ ẹ sì da omi tó bá dúró sábẹ́ rọ́bà nù torí ẹ̀fọn. Tí kòkòrò bá ń jẹ ewé, ẹ gún áyùú àti ata rodo, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ dáadáa, ẹ kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sí i, ẹ fín in nírọ̀lẹ́ sábẹ́ ewé, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń sá sí. Tí òjò bá rọ̀ lóru ọjọ́ yẹn, ẹ tún un fín lọ́jọ́ kejì, kẹ́ ẹ sì fọ ẹ̀fọ́ yẹn dáadáa kẹ́ ẹ tó sè é.