Bí Ẹ Ó Ṣe Kọ Nípa Akéwì Tó Tún Jẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n: Níyì Ọ̀ṣúndáre

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ nípa Níyì Ọ̀ṣúndáre ló máa ń là á sí méjì: akéwì lọ́tọ̀, olùkọ́ yunifásítì lọ́tọ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti bí i ní 1947 sílé àgbẹ̀ tó tún jẹ́ olórin; ẹ jẹ́ kí oyè àti ẹ̀bùn ṣì dúró ná.

Ẹ wá mú The Eye of the Earth, ìwé ewì rẹ̀ tó jáde ní 1986, kí ẹ sì kà á sókè ketekete, nítorí pé ojú nìkan kò ká a. Kí ẹ tó dé ìlà àkọ́kọ́, ẹ wo abẹ́ àkọlé: ibẹ̀ ni akéwì ti máa ń sọ ìlù tó yẹ kó máa dún lẹ́yìn ohùn, bàtá ló sì yàn fún ewì ìkórè. Nínú ewì àwọn àpáta, Olósùnta, òkè tí wọ́n ń bọ ní Ìkẹ́rẹ́, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé náà o, ṣùgbọ́n etí tó bá ti gbọ́ oríkì rí yóò dá ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ̀. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí irú ibẹ̀.

Ìgbà yìí ni ìwé ẹ̀kọ́ tó kàn. Ìbàdàn àti Leeds ló ti kàwé kí ó tó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì York ní Toronto ní 1979, lórí bí èdè méjì àti àṣà méjì ṣe ń pàdé nínú ìtàn àròsọ Nàìjíríà. Ẹ gbé kókó yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àmì yín: ohun tí ọ̀mọ̀wé náà ń tú wò nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn ni akéwì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá fi èyí hàn kò tíì kọ nǹkan kan, bó ti wù kó ka ẹ̀bùn tó.

Iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn àti New Orleans, ní Amẹ́ríkà, kò ju ìpínrọ̀ kan lọ. Ọdún 2005 ni kí ẹ dúró lé, nígbà tí ìjì Katrina jà ní New Orleans, tí òun àti aya rẹ̀ há sí òkè àjà fún wákàtí 26, tí omi sì ba àwọn ìwé àti àfọwọ́kọ rẹ̀ jẹ́. Ẹ má kàn ròyìn àjálù náà. Ẹ mú ewì kan nínú City Without People, ìwé ewì rẹ̀ lórí ìjì náà tó jáde ní 2011, kí ẹ kà á tẹ̀lé ti Olósùnta, kí ẹ sì kọ ohun tí etí yín bá gbọ́ sílẹ̀.