Bí Mo Ṣe Di Olùkọ́ Awakọ̀ Òfurufú Ológun ní Kàdúná

Nígbà tí wọ́n mú mi fún ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní 401 Flying Training School, ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfurufú ológun ní Kàdúná, ó ti pẹ́ tí mo ti ń wa bàálù fún iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú Nàìjíríà. Ibi ìjókòó ló kọ́kọ́ yí padà. Nínú Super Mushshak, bàálù kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ni níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ara wa la máa ń jókòó sí, akẹ́kọ̀ọ́ lápá òsì, olùkọ́ lápá ọ̀tún. Ọwọ́ tí mo fi ń di ọ̀pá ìdarí mú látijọ́ wá di èyí tó ń mú throttle, ọ̀pá tó ń darí agbára ẹ́ńjìnnì. Ìyẹn tètè mọ́ mi lára.

Iṣẹ́ ńlá ibẹ̀ ni patter, ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ ń sọ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹnu gbọ́dọ̀ ṣíwájú ọwọ́ díẹ̀, kí ojú akẹ́kọ̀ọ́ ti wà níbi tí nǹkan yóò ti ṣẹlẹ̀. Bí a bá fẹ́ yà sósì, ó máa ń lọ báyìí: “Wo òsì dáadáa, kò sí ọkọ̀ níbẹ̀. Wá wo iwájú. Rọra gbé ọ̀pá sósì, kí ẹsẹ̀ òsì bá a lọ. Ó tó, dá ọ̀pá padà sáàárín. Fà á mọ́ra díẹ̀ kí imú má wálẹ̀.” Bí gbólóhùn kan bá gùn jù, ọkọ̀ ti kọjá ohun tí ò ń sọ. Lálẹ́, màá jókòó sórí àga nínú yàrá, màá máa sọ ọ́ jáde, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mi á máa bá a lọ. Nígbà ọyẹ́, eruku a bo ibi tí ọ̀run ti pàdé ilẹ̀. Ìlà yẹn la fi ń kọ́ ọmọ bí imú ọkọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ wà, nítorí náà a ní láti dúró kí ojú ọjọ́ mọ́.

Ọ̀nà ìkọ́ni yìí ti pẹ́. Ní 1917, ní Gosport nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Robert Smith-Barry ní kí àwọn olùkọ́ mọ̀ọ́mọ̀ gbé akẹ́kọ̀ọ́ sínú ewu bíi spin, tí ọkọ̀ ń yí bírí já bọ̀, kó rí ohun tó ń fà á àti bí wọ́n ṣe ń jáde. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ pátápátá: ewu tí ọmọ ò bá rí pẹ̀lú olùkọ́, òun nìkan ni yóò bá a pàdé.

Irú rẹ̀ ni wọ́n fi dán mi wò. Ọ̀gá tó jókòó sósì ń ṣe bí akẹ́kọ̀ọ́. Bí a ṣe fẹ́ balẹ̀, ó fa ọ̀pá mọ́ra jù, ọkọ̀ tún gbéra sókè lórí rọ́nwéè, eré rẹ̀ sì ń dínkù. Bí mo bá já ọ̀pá gbà lójú ẹsẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ò kọ́ nǹkan kan. Bí mo bá pẹ́, ọkọ̀ á já lulẹ̀. Mo kìlọ̀ fún un kó má fà á mọ́. Ó tún fà á. Mo ní, “I have control,” ìyẹn ni pé ọkọ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ mi, ó dáhùn, “You have control,” ọwọ́ rẹ̀ sì kúrò pátápátá. Mo ti throttle síwájú dé òpin, mo mú imú dúró títí eré fi padà, a gòkè lọ.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí n ṣàlàyé fún “akẹ́kọ̀ọ́” náà, níwájú pátákó, ibi tí ojú rẹ̀ wà nígbà tó fà á. Mo yàwòrán rọ́nwéè, mo fi hàn án pé ilẹ̀ tó wà níwájú imú ọkọ̀ ló tẹjú mọ́, dípò òpin rọ́nwéè lọ́hùn-ún. Ilẹ̀ ìtòsí yẹn á dà bíi pé ó ń sáré bọ̀, ọwọ́ á sì fà kí àkókò tó tó. Ó fọwọ́ sí ìwé mi. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni wọ́n fún mi ní akẹ́kọ̀ọ́ tèmi.