Bí a ṣe ń yẹ kóòdù ìjáde wò nínú fáìlì batch lórí Windows

Bí ètò kan bá parí iṣẹ́ lórí Windows, ó máa ń fi nọ́ńbà kan sílẹ̀, ìyẹn kóòdù ìjáde. 0 sábà máa ń jẹ́ pé iṣẹ́ yọrí. Inú ERRORLEVEL ni cmd (ètò Windows tó ń ka àṣẹ inú fáìlì batch, tó sì ń ṣe é) ń fi nọ́ńbà náà sí, àmọ́ kì í pẹ́ níbẹ̀: àṣẹ tó bá tẹ̀ lé e lè fi tirẹ̀ lé e kúrò. Torí náà, kí ẹ tètè gbà á sílẹ̀:

```
robocopy C:\Iwe D:\Afipamo /E
set kodu=%ERRORLEVEL%
if %kodu% geq 8 (
  echo Adako kuna: %kodu%
  exit /b %kodu%
)
```

(Mi ò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ inú echo. Bí codepage (ìlànà tí cmd fi ń ka lẹ́tà) bá yàtọ̀, ṣe ni cmd máa gbé e jáde ní rúdurùdu.)

`geq 8` ni "ó tó 8 tàbí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ". Kí ló dé tó fi jẹ́ 8? Torí pé lọ́dọ̀ robocopy, àṣẹ Windows tó ń da fáìlì kọ, 1 kì í ṣe àṣìṣe rárá. Ó kàn ń sọ pé òun ti da fáìlì kọ ni. Láti 8 lọ sókè ni fáìlì kan ti kọ̀, tí kò lọ. Ẹni tó bá kọ `neq 0` ("kì í ṣe 0") síbẹ̀ á máa pariwo àṣìṣe lórí iṣẹ́ tó dáa. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ètò yín fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan pè.

Ẹ má gbàgbé `/b`. Exit lásán á pa cmd fúnra rẹ̀, àti fáìlì batch tó pe tiyín.

`if errorlevel 1` ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ohun tó ń béèrè ni "ṣé ó tó 1 tàbí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ?" Ètò tó kú lójijì torí ó fọwọ́ kan mẹ́mórì tí kì í ṣe tirẹ̀ lè fi -1073741819 sílẹ̀, ìyẹn kò tó 1, ó sì máa kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Nínú àkámọ́ ńkọ́? Kí àkámọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni cmd ti fi nọ́ńbà àtijọ́ rọ́pò `%ERRORLEVEL%`. Ẹ fi `setlocal EnableDelayedExpansion` sókè, kí ẹ wá lo `!ERRORLEVEL!`. Ẹ má sì kọ `set ERRORLEVEL=0` láé; nọ́ńbà gidi kò ní hàn mọ́.

Bí ẹ bá rí 9009, cmd kò rí àṣẹ náà ni. Ẹ wo sípẹ́lì tàbí PATH, ìyẹn àkójọ àwọn fódà tí cmd ti ń wá àṣẹ.

`start` kì í dúró de ètò, àfi tí ẹ bá sọ fún un:

```
start "" /wait msiexec /i eto.msi
set kodu=%ERRORLEVEL%
```

Níbí, msiexec ni ètò Windows tó ń fi ètò míì sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ ka 3010 mọ́ 0 bí iṣẹ́ tó yọrí: ètò ti wọlé, kọ̀ǹpútà ló kù kí ẹ pa, kí ẹ tún tàn.