Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nípa ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Bears àti Portsmouth ní 1932

Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé lórí bí Chicago Bears ṣe na Portsmouth Spartans ní 9 sí 0 nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (American football), ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 1932, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí òtútù àti yìnyín tó lé wọn wọ inú ilé Chicago Stadium. Tábìlì líìgì ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

Kí ọjọ́ yẹn tó pé, Bears ti borí 6, wọ́n pàdánù 1, wọ́n ta ọ̀mì 6. Portsmouth borí 6, pàdánù 1, ta ọ̀mì 4; ọ̀mì náà ni ìgbà méjèèjì tí wọ́n bá Bears pàdé. Green Bay Packers borí 10, pàdánù 3, ta ọ̀mì 1. Ẹni tó bá fi ojú òde òní wò ó á ní wọ́n rẹ́ Packers jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láyé ìgbà náà, NFL, ìyẹn líìgì tí wọ́n ń gbá, kì í ka ọ̀mì rárá. Ẹ ro ìborí àti ìpàdánù pọ̀, kí ẹ fi àròpọ̀ yẹn pín ìborí: 6 nínú 7 jẹ́ 0.857 fún Bears àti Portsmouth, 10 nínú 13 jẹ́ 0.769 fún Packers. Ọdún 1972 ni ọ̀mì tó di ìdajì ìborí. Ẹ fi ìṣirò 1972 wo 1932, Packers ni yóò gba ife, pẹ̀lú 10.5 nínú 14. Ẹ má fi òfin ọdún kan ṣèdájọ́ òmíràn.

Ẹ má sì pè é ní àṣekágbá tí líìgì ti là sílẹ̀. Wọ́n fi kún sáà láti ya àwọn méjì tó dọ́gba ni, èsì rẹ̀ sì wọ tábìlì. Ìyẹn ló jẹ́ kí Portsmouth tó pàdánù já sí ipò kẹta: 6 nínú 8 jẹ́ 0.750, Packers sì kọjá wọn sí ipò kejì. Àṣekágbá tí wọ́n ṣètò tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1933, nígbà tí Bears na New York Giants ní 23 sí 21.

Àmì 9 náà ń tan èèyàn. Kì í ṣe field goal mẹ́ta (gbígbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó góòlù, àmì 3 ní ẹ̀ẹ̀kan): erùpẹ̀ tí wọ́n tẹ́ fún eré circus ni wọ́n gbá a lé lórí, pápá náà kúrú, kò ju 80 yáàdì lọ, wọn kò sì gba field goal láyè. Òfo sí òfo ni títí di ìdá kẹrin. Bronko Nagurski gba bọ́ọ̀lù, ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ forí gbárí pẹ̀lú àwọn alátakò, ó dúró, ó fà sẹ́yìn, ó jù ú sí Red Grange fún touchdown, ìyẹn gbígbé bọ́ọ̀lù dé ẹ̀yìn pápá alátakò. Òfin ìgbà náà ní kí ajubọ́ọ̀lù wà ní yáàdì 5 sẹ́yìn ìlà tí eré ti bẹ̀rẹ̀. Portsmouth yarí pé kò tó bẹ́ẹ̀, adájọ́ kò gbà. Àmì 6 nìyẹn, bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá lé e jẹ́ 1. Nígbà tó yá, bọ́ọ̀lù bọ́ mọ́ Portsmouth lọ́wọ́ níbi tí wọ́n ti fẹ́ gbá a jìnnà, ó gba ẹ̀yìn pápá wọn jáde: àmì 2 fún Bears.

Àwọn kan ń kọ ọ́ pé ọjọ́ yẹn ni jíju bọ́ọ̀lù síwájú bẹ̀rẹ̀. Ó ti wà látọdún 1906. Ohun tí 1933 yí padà ni pé èèyàn lè jù ú láti ibikíbi lẹ́yìn ìlà.

Tí ẹ bá ń wá àkọsílẹ̀ Portsmouth, ìlú tó wà ní Ohio ni, kì í ṣe ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kó ẹgbẹ́ náà lọ sí Detroit ní 1934, abẹ́ orúkọ Lions ni kí ẹ wò.