Bí mo ṣe kọ́ ojú ọjọ́ wíwò torí ọkọ̀ ìgbòkun, àti gbogbo owó tó bá a lọ

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka ohun tó ti ná mi, bóyá inú mi á fúyẹ́. Ìgbòkun tó ya, 180,000 náírà. Apẹja tó fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì wọ́ wa dé èbúté, 25,000. Kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì, dọ́là 45, ẹ lọ ṣírò ìyẹn fúnra yín. Atúnfóònùṣe ní Lágere níbí, 8,500. Gbogbo ẹ̀ torí pé mi ò mọ apá ibi tí òjò ti ń wá, èmi ọmọ Ifẹ̀ tí òjò ti ń pa láti kékeré.

Bọ̀ọ̀dá mi tó ń gbé l'Ékòó ló kó mi sí i. Òun àtọ̀rẹ́ ẹ̀ jọ ra ọkọ̀ kékeré kan, tòkúnbọ̀, èyí tó jẹ́ pé aṣọ ló fi ń gba afẹ́fẹ́, kò ní ẹ́ńjìnì rárá, wọ́n máa ń fi ṣeré lórí ọ̀sà ní Sátidé, èmi náà á wọkọ̀ láti Ifẹ̀ lọ bá wọn. Lóṣù kẹrin ọdún tó kọjá wọ́n ní kí n wo ojú ọjọ́ torí fóònù tèmi ló dáa jù. Áàpù ní afẹ́fẹ́ nọ́ọ̀tì 8 (bíi kìlómítà 15 ní wákàtí) láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, oòrùn máa ràn. Mo ní ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ. Nígbà tó tó bí aago mẹ́ta ọ̀sán, afẹ́fẹ́ dákẹ́ rọ́rọ́, ìgbòkun rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, gbogbo wa kọjú síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ láti àárọ̀, à ń retí ẹ̀. Ẹ̀yìn wa ló ti dúdú, lápá Ẹ̀pẹ́. Ká tó yíjú, atẹ́gùn tútù kan já lù wá látibẹ̀, ìgbòkun ya látòkè délẹ̀, prààà! Ọlọ́run ló yọ wá, àti láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́rùn wa. "Ṣebí ìwọ lo ní ká máa lọ," bọ̀ọ̀dá mi ló wí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìgbòkun di tèmi nìyẹn.

Mo padà sí Ifẹ̀ tìbínú-tìbínú, mo ní mo máa kọ́ iṣẹ́ yìí. Ti áàpù àti dátà, gbogbo yín lẹ mọ ìyẹn. Ibi tí wàhálà wà ni prẹ́ṣọ̀ afẹ́fẹ́, ìyẹn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ̀ wá mọ́lẹ̀ tó.

Òyìnbó inú kọ́ọ̀sì yẹn ní tí prẹ́ṣọ̀ bá ti ń já wálẹ̀, ìjì ń bọ̀ nìyẹn, tó bá wá wọ ìsàlẹ̀ 1000 (hectopascal ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n), kéèyàn máa sá wálé. Fóònù mi ní bàrómítà nínú, ohun tó ń wọn prẹ́ṣọ̀, mo ṣí i, ó ní 982. Oòrùn ń ràn yọ̀ọ̀! Mo ní fóònù ti bàjẹ́ nìyí, mo gbé e lọ sí Lágere. Ọjọ́ méjì ló fi wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó tú u, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ní "Ọ̀gá, ó ti dáa," ó gba 8,500. Mo tàn án níwájú ẹ̀, 982. Ó ní á jẹ́ pé omi ló wọ̀ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti kámpọ́ọ̀sì tó wá ra ṣájà níbẹ̀ ló wò mí bí ẹni tó ṣàánú mi, ó ní "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú o, ṣé ẹ mọ̀ pé orí òkè la wà?" Ifẹ̀ fi ohun tó lé ní mítà 250 ga ju òkun lọ, bí èèyàn bá sì ti gòkè tó mítà mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án, ẹyọ kan máa ń jáde nínú nọ́ńbà yẹn. Tí mo bá dá bí ọgbọ̀n padà, 1012 ni, kò sóhun tó ṣe fóònù. Ẹ gbà mí, 8,500!

Kò tíì tán. Mo tún rí i pé tó bá ti di ọ̀sán, nọ́ńbà yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Mo pe bọ̀ọ̀dá mi pé kí wọ́n má jáde o, mo pè wọ́n títí wọn ò fi gbé ìpè mi mọ́, òjò kankan ò sì rọ̀. Inú bí mi, mo ra ìwé olójú ewé ogójì, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo tilẹ̀ ń jí lóru. Ibẹ̀ ni mo ti rí i: aago mẹ́wàá àárọ̀ ó lọ sókè, mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ó wálẹ̀ bíi mẹ́ta, mẹ́wàá alẹ́ ó tún gòkè, mẹ́rin ìdájí ó tún wálẹ̀. Òjò rọ̀ o, òjò ò rọ̀ o, bákan náà ni. Oòrùn tó ń gbóná sí afẹ́fẹ́ ló ń fà á, ó ń wú, ó ń fà bí omi òkun, lọ́dọ̀ wa níbí ìyẹn sì tóbi ju ohun tí òjò ń ṣe sí i lọ. Nílùú tó tutù, ìjì tiwọn lágbára dé ibi pé wọn ò ní rí i. Ìwé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, kò sẹ́ni tó máa gbà á. Ṣùgbọ́n èèyàn san dọ́là 45 kí wọ́n tó sọ fóònù ẹ̀ di aago, ìyẹn ò dáa. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n tún fi kọ́ni ní cold front, ìyẹn ibi tí afẹ́fẹ́ tútù ti ń ti èyí tó gbóná sẹ́yìn. Cold front wo ló fẹ́ dé Lágere?

Ohun tí kọ́ọ̀sì ò sọ ni pé afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wa ń ti òkun bọ̀, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ṣùgbọ́n àwọn ìjì ńlá ńlá yẹn ń ti ìlà-oòrùn bọ̀, torí afẹ́fẹ́ òkè lọ́hùn-ún ló ń tì wọ́n. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ sí yín lójú, ẹ̀yìn yín ni kẹ́ ẹ máa wò. Oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, àti oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, ìgbà yẹn ló burú jù. Nọ́ńbà afẹ́fẹ́ inú áàpù kì í sábà rí wọn, àwòrán sátẹ́láìtì ni kẹ́ ẹ ṣí, ti Meteosat máa ń di tuntun ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ máa rí funfun ràbàtà tó ń rìn lọ sí ìwọ̀-oòrùn.

Èmi tún ní àbúrò mi obìnrin n'Íléṣà, ní Ìsọ̀kùn. Á pè mí, "Bọ̀ọ̀dá, ó ti ṣú o, mo ti ń kó aṣọ." Kò ní ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, ó ti dé Ifẹ̀, lọ́jọ́ kan ó gbé báńnà ṣọ́ọ̀bù mi lọ sí òdìkejì títì. Èmi náà á wá pe Èkó pé wákàtí méjì àbọ̀ sí mẹ́ta ló kù wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbà á bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan òjò kú sọ́nà, bọ̀ọ̀dá mi jókòó sétí omi látàárọ̀ dalẹ́, wọ́n ń jẹ sùyà, wọ́n ń bú mi.

Tó bá jẹ́ pé mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí, mi ò ní san kọ́bọ̀ fún kọ́ọ̀sì kankan. Máa kàn mọ̀ pé nọ́ọ̀tì kan jẹ́ kìlómítà 1.852 ní wákàtí, pé "gúúsù ìwọ̀-oòrùn" túmọ̀ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ kì í ṣe ibi tó ń lọ (mo ṣi ìyẹn fún oṣù kan), pé tí fóòmù funfun bá ti ń pọ̀ lórí omi, afẹ́fẹ́ ti kọjá 10 nìyẹn, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ bíi tèmi ò gbọ́dọ̀ dúró dé 15.

Owó ìgbòkun ṣì ku 60,000. Atúnfóònùṣe yẹn ṣì máa ń juwọ́ sí mi tí mo bá ń kọjá ní Lágere, "Ọ̀gá, fóònù ń kọ́?" Mi ò dá a lóhùn.